Àtíbàbà Tí Òjò Àti Ìjì Ò Lè Bàjẹ́: Ìbéèrè Àti Ìdáhùn Fún Ẹni Tó Fẹ́ Pàtẹ Ọjà Ní Gbangba

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àtíbàbà fún àwọn ilé iṣẹ́ tó fẹ́ pàtẹ ọjà wọn níta gbangba. Ìpàtẹ Ọjà Àgbáyé ti Èkó ni mo ti ń ṣe é jù, èyí tí wọ́n máa ń ṣe lóṣù kọkànlá ní Tafawa Balewa Square, TBS tí gbogbo wa mọ̀. Ìbéèrè kan náà ni àwọn oníbàárà máa ń bi mí lọ́dọọdún, ni mo bá kó wọn jọ síbí.

Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìjì lẹ máa ń kọ́kọ́ sọ? Ọ̀rọ̀ ẹwà ìsọ̀ la bá wá.

Èmi náà fẹ́ràn ẹwà. Ṣùgbọ́n ọdún kan wà tí ìsọ̀ ilé iṣẹ́ kan nítòsí wa lẹ́wà ju ti gbogbo wa lọ. Wọ́n fi pákó ṣe ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bíi ti ààfin, wọ́n kùn ún, ó ń dán gbinrin. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ojú ọ̀run ṣú lápá ìlà-oòrùn. Òjò ò tíì kán rárá tí atẹ́gùn fi dé. Ẹnu ọ̀nà yẹn mì lẹ́ẹ̀kan, ó mì lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta ó dojú bolẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń pín ìwé ìpolówó lábẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ra omi ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí rẹ̀ ni ì bá wó lé. Nígbà tí òjò dá, mo lọ wo ìdí rẹ̀. Ìṣó mẹ́rin péré ló so ó mọ́ pákó ìsàlẹ̀. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ tó tì í.

Láti ọjọ́ náà, ẹni yòówù tó bá gbé àwòrán ìsọ̀ wá bá mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Kí ló tì í? Kí ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀? Ibo ni omi orí rẹ̀ máa gbà lọ? Tá a bá ti rí ìdáhùn mẹ́ta yìí, ẹ jẹ́ ká wá jókòó ti ọ̀rọ̀ àwọ̀.

Oṣù kọkànlá ni ìpàtẹ Èkó. Ṣé òjò ò ti lọ nígbà yẹn ni?

Ó ti ń lọ, kò tíì lọ tán. Lápá ibí yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò máa ń le lọ́dún. Oṣù kẹfà ló máa ń pọ̀ jù. Á sinmi díẹ̀ lóṣù kẹjọ, á tún padà lóṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Oṣù kẹwàá yẹn gan-an là ń pè ní Ọ̀wàrà. Òjò ìparí ọdún kì í pẹ́ nílẹ̀, àmọ́ ìjì ló máa ń rán ṣáájú. Ìlà-oòrùn ló sábà máa ń gbà wá, ẹ ó rí i lókèèrè bí ògiri dúdú, afẹ́fẹ́ tútù inú rẹ̀ á sì ti dé ọ̀dọ̀ yín kí ẹ̀kán omi kan tó bọ́. Ní ọjọ́ tí kò sí òjò, atẹ́gùn òkun ló ń fẹ́ lọ́sàn-án láti apá gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Ìyẹn rọra, ó tiẹ̀ tù wá lára. Tí wọ́n bá fún yín láǹfààní láti yan ibi tí ìsọ̀ yín máa kọjú sí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ògiri tó fẹ̀ jù dojú kọ ìlà-oòrùn láìní ìtì lẹ́yìn.

Oòrùn náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Lóṣù kọkànlá, oòrùn ọ̀sán máa ń gbè sí gúúsù. Lóṣù kẹfà, àríwá ló ń gbè sí. Mo ti rí àwọn tó lo àwòrán ìsọ̀ kan náà fún ìpàtẹ Èkó àti fún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí òjìji tí wọ́n ṣírò fún oníbàárà wá bọ́ sí ẹ̀yìn ìsọ̀. Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá ni. Lọ́dún 2024 ó bọ́ sí ọjọ́ 18 oṣù kẹfà, lọ́dún 2025 ó bọ́ sí ọjọ́ 8 oṣù kẹfà, àárín gbùngbùn òjò. Nítorí pé oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń ka Iléyá, ó máa ń fi bí ọjọ́ 11 ṣáájú ti ọdún tó kọjá. Ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó wo àwọ̀.

Báwo ni ìjì ṣe lágbára tó gan-an? Bánà lásán ni tiwa.

Ẹ jẹ́ ká fi bánà kan ṣe àpẹẹrẹ: mítà mẹ́ta ní fífẹ̀, mítà méjì ní gíga. Tí atẹ́gùn bá ń sáré kìlómítà 36 ní wákàtí kan, ó ń ti bánà yẹn bí ẹni pé ẹrù kílò 37 fara tì í. Èèyàn méjì lè dì í mú. Tí ìjì bá wá ń sáré kìlómítà 72, ẹ ó rò pé agbára rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Rárá o, ìlọ́po mẹ́rin ni, ó di bíi kílò 150. Ìyẹn àpò símẹ́ńtì mẹ́ta tó ń fara ti bánà kan ṣoṣo. Bí eré atẹ́gùn bá ti di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni agbára rẹ̀ ń dà, kò sì sí bánà tí a lè tìtorí ẹ̀ yí ìṣirò yẹn padà.

Bí bánà bá ṣe ga sí ló ṣe ń fa òpó rẹ̀ sí. Bánà tó wà ní gíga mítà mẹ́rin ń ṣe ìdí òpó ní ìlọ́po méjì ohun tí èyí tó wà ní mítà méjì ń ṣe é. Àwọn ilé iṣẹ́ máa ń fẹ́ kí orúkọ wọn ga ju ti aládùúgbò wọn lọ. Mo máa ń gbà wọ́n níyànjú pé kí ó ga, ṣùgbọ́n kí ó kéré, kí èyí tó tóbi sì wà nísàlẹ̀.

Kọnkéré ni ilẹ̀ tí wọ́n fún wa. A ò lè ri irin mọ́lẹ̀. Kí la máa fi di kánópì mú?

Ẹrù tó wúwo ni. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà lítà 20 tí yanrìn kún inú rẹ̀ tó nǹkan bíi kílò 30. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí omi kún, kílò 25 ni. Dọ́rọ́ọ̀mù lítà 200, tí ẹ bá rọ omi kún un, kílò 200. Èyí tó dára nínú dọ́rọ́ọ̀mù ni pé òfìfo lẹ máa gbé e wọlé, òfìfo lẹ sì máa gbé e jáde. Fún kánópì mítà mẹ́ta sí mẹ́ta, èmi kì í fi ohun tó dín ní kílò 60 sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí ó bá ní ògiri aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo máa ń fi kún un.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ìjì kì í kàn ti kánópì ṣubú. Abẹ́ rẹ̀ ló ń wọ̀, á sì gbé e sókè bí ẹni ń ṣí ìdérí ìkòkò. Búlọ́ọ̀kù tí ẹ kàn gbé lé orí irin ẹsẹ̀ rẹ̀ ò wúlò nígbà yẹn, kánópì á yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ búlọ́ọ̀kù, á sì máa lọ. Ẹ di ẹrù náà mọ́ òpó gírígírí, kí okùn rẹ̀ gba òkè òpó wá, kó má jẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan. Ẹ má sì jẹ́ kí okùn nà gba ojú ọ̀nà tí èèyàn ń rìn; ọmọdé á fẹsẹ̀ kọ́ ọ.

Lórí koríko, irin tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 75 tẹ́ ẹ rì mọ́lẹ̀, tí orí rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ kánópì, ló dára. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ padà lọ mì wọ́n wò, nítorí ilẹ̀ tó ti rin ò lè di irin mú dáadáa mọ́.

Omi máa ń gbára jọ sórí kánópì wa, a sì máa ń fi igi ìgbálẹ̀ tì í dànù. Ṣé kò dáa bẹ́ẹ̀ ni?

Kò dáa. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀, nítorí ibí ni ọjà ti ń bàjẹ́ jù.

Tí òjò mílímítà kan bá rọ̀ sórí mítà kan níbùú àti lóròó, lítà omi kan ni. Kánópì mítà mẹ́ta sí mẹ́ta jẹ́ mẹ́sàn-án irú rẹ̀. Tí òjò mílímítà 20 bá rọ̀, lítà 180 ló dé sórí yín, kílò 180. Tí aṣọ orí kánópì bá le gbọn-in, tó sì dagẹ̀rẹ̀, omi yẹn á ṣàn lọ, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀. Ṣùgbọ́n tí ó bá dẹ̀ níbì kan, bó tilẹ̀ jẹ́ bí ìtẹ́lẹ̀ ọwọ́, omi díẹ̀ á dúró síbẹ̀. Ìwúwo omi díẹ̀ yẹn á fa aṣọ wálẹ̀ sí i, àyè á gba omi púpọ̀ sí i, omi náà á tún fà á. Kí ẹ tó mọ̀, kánópì ti yọ ikùn bí ikùn aboyún, irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́.

Ìgbà yẹn ni ọmọkùnrin kan á gbé igi ìgbálẹ̀, tí á fi gún ikùn yẹn nísàlẹ̀. Mo wo ọ̀kan bẹ́ẹ̀ lójú ara mi: omi tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà sórí páálí ọṣẹ mẹ́fà, ó sì gba orí tábìlì kọjá sínú súkẹ́ẹ̀tì iná. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, iná ti lọ nígbà yẹn.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ yan kánópì tí orí rẹ̀ ga ṣóńṣó. Láràárọ̀, ẹ fa aṣọ rẹ̀ le, nítorí oòrùn àti ìrì máa ń dẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá so kánópì méjì pọ̀, àárín wọn ni omi máa dà sí, orí oníbàárà gan-an sì nìyẹn. Ẹ la páìpù ike tó fẹ̀ sí méjì, kí ẹ fi ṣe gọ́tà sáàárín wọn, kó dagẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Ilẹ̀ náà ń kó omi: ẹ to pálẹ́ẹ̀tì onípákó sísàlẹ̀, kí ẹ tẹ́ pákó lé e, kí ìsọ̀ yín fi bíi sẹ̀ǹtímítà 12 ga ju ilẹ̀ lọ. Ẹ má gbàgbé ibi tí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn máa gbà gòkè.

Bánà wo ló dára jù níta?

Flex, ìyẹn bánà onírọ́bà tí wọ́n ń tẹ àwòrán sí, ni gbogbo ayé ń lò, kò sì burú fún ọjọ́ mẹ́wàá tí ìpàtẹ máa ń gbà. Ẹ bi atẹ̀wé léèrè bóyá íǹkì rẹ̀ jẹ́ solvent tàbí UV, àwọn tí omi ò lè fọ̀ kúrò. Íǹkì tí wọ́n pò mọ́ omi á ṣàn wálẹ̀ bí omijé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí òjò bá rọ̀. Níbi tó ga tàbí ibi tí atẹ́gùn ti ń gbá a, bánà onihò wínníwínní tí wọ́n ń pè ní mesh ni kí ẹ lò, nítorí atẹ́gùn máa ń gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọ̀ rẹ̀ ò mọ́lẹ̀ tó ti flex, ṣùgbọ́n ó máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹwàá.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ká etí bánà ní ìlọ́po méjì, kí wọ́n sì fi irin sí ojú ihò rẹ̀ ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 50. Okùn onírọ́bà tó ń nà ló yẹ kí ẹ fi so ó. Okùn tí kò nà máa ń fa ihò ya nígbà tí ìjì bá gbá a lójijì. Bánà tí wọ́n ń fà yọ láti inú páálí irin tó dúró fúnra rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún inú gbọ̀ngàn. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti gbé. Níta, òun ló máa ń kọ́kọ́ ṣubú.

Ṣé a lè lo MDF, pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi ṣe?

Rárá. Ó ń mu omi bíi búrẹ́dì. Marine board, pákó tí omi ò tètè bàjẹ́, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì kun etí rẹ̀ yípo, torí etí ni omi ń gbà wọlé.

Irin ńkọ́?

TBS ò jìnnà sókun, iyọ̀ wà nínú atẹ́gùn ibẹ̀. Páìpù tí wọ́n ti fi zinc bò ló yẹ. Ṣùgbọ́n ibi tí wẹ́dà bá ti jó o pọ̀, zinc ibẹ̀ ti jóná lọ, ibẹ̀ sì ni ìpata ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró ti wẹ́dà yín títí ó fi máa kun gbogbo ojú ibi tó jó. Mo máa ń fi ọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí n tó sanwó.

Báwo la ṣe máa ṣe ti iná?

Níbí, mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni dín owó kù. Iná 230 fóòtì àti ilẹ̀ tó tutù, ìyẹn lè pa èèyàn.

Ẹ gba oníná tó mọṣẹ́. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ RCD ti mílíámípíà 30. Òun ló ń já iná lójú ẹsẹ̀ tí iná bá fẹ́ gba ara èèyàn lọ sílẹ̀. Fíúùsì lásán ò lè ṣe irú ẹ̀. Gílóòbù àti súkẹ́ẹ̀tì tó máa wà níta, ẹ wo ara páálí wọn. Èyí tí wọ́n kọ IP44 sí lè gba ìtàsí omi. Èyí tó jẹ́ IP65, eruku ò lè wọ̀ ọ́ rárá, kódà tí wọ́n bá fi rọ́bà fọ́n omi sí i lára, kò ní wọlé. IP65 ni mo máa ń rà fún gbogbo ohun tí òjò lè kàn.

Kò yẹ kí súkẹ́ẹ̀tì kankan wà nílẹ̀. Ẹ gbé e kọ́ sára òpó, kó ga tó orúnkún ó kéré tán. Kí wáyà tó wọ inú súkẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó padà gòkè wọlé. Omi tó bá tẹ̀ lé wáyà wá á kán bọ́ níbi tó tẹ̀ sí yẹn. Kékeré báyìí ni, kò náni ní kọ́bọ̀, ọ̀pọ̀ oníná ò sì ń ṣe é.

Ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ àtíbàbà nítorí òjò. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì carbon monoxide tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tó ń pa èèyàn lójú oorun. Mítà mẹ́fà ó kéré tán, níbi tí atẹ́gùn ò ti ní gbé èéfín rẹ̀ padà wá bá yín, kí ẹ sì kọ́ ìbòrí tirẹ̀ fún un.

Tẹlifíṣọ̀n ńlá kan wà tí a fẹ́ gbé síwájú.

Tẹlifíṣọ̀n ilé ò lè bá oòrùn Èkó jà. Dúdú lẹ máa rí, àti ojú ara yín nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sẹ́yìn, sínú òjìji, kó kọ ẹ̀yìn sí ìwọ̀-oòrùn. Tàbí kí ẹ fi owó yẹn gba ẹni tó lè fi ọjà yín ṣe nǹkan lójú gbogbo ayé. Tí ẹ bá ń ta èlùbọ́, ẹ ro àmàlà níbẹ̀.

Tí òjò bá dé, àwọn èèyàn máa ń rọ́ wọlé, wọn ò sì ń ra nǹkan. Báwo la ṣe máa dá wọn dúró?

Ẹ má dá wọn dúró. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ẹni tí ẹ bá lé padà sínú òjò ò ní gbàgbé orúkọ tó wà lórí bánà yín.

Ìgbà kan wà tí òjò ká wa mọ́ bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Obìnrin kan sáré wọlé, ó pọn ọmọ, omi ń kán tótó láti àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà. Ó dúró sí etí pátápátá, bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n máa lé òun. Ìyá àgbà tó ń bá wa ta ọṣẹ dúdú ló ní, “Ìyá ọmọ, ẹ bọ́ sínú, ẹ jókòó,” ó sì nawọ́ táwẹ̀lì sí i. Ogún ìṣẹ́jú lòjò yẹn lò. Kò tíì dá tí obìnrin náà fi gbé ọṣẹ kan, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó bi wá pé ṣé ó dáa fún ara ọmọ. Àwọn mẹ́ta tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ sún mọ́ ọn láti gbọ́ ìdáhùn.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ya àwòrán ìsọ̀ pẹ̀lú òjò lọ́kàn. Mo máa ń yọ òrùlé síwájú tó mítà kan àtààbọ̀. Mo máa ń fi iwájú sílẹ̀ gbayawu, kí èèyàn lè wọlé láì gba ẹnu ọ̀nà tóóró. Ọjà tí omi lè bàjẹ́ máa ń wà lẹ́yìn, nínú ike onídèérí tí wọ́n lè rí inú rẹ̀. Ìwé ìpolówó máa ń wà nínú ọ̀rá. Mo máa ń fi bẹ́ǹṣì gígùn kan sí ẹ̀gbẹ́, mo sì máa ń sọ fún ilé iṣẹ́ pé kí wọ́n ra táwẹ̀lì méjìlá. Ìṣẹ́jú ogún tí èèyàn ọgbọ̀n dúró sára ọjà yín láìníbi tí wọ́n ń lọ, èló lẹ máa fi ra irú ẹ̀ lórí rédíò?

Àrá ńkọ́?

Ìyẹn yàtọ̀. Kánópì kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àrá, òpó irin sì ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá ti ń gbọ́ àrá, ó ti sún mọ́ tó láti ṣe yín ní jàǹbá. Ẹ kó gbogbo èèyàn, oníbàárà àti òṣìṣẹ́, lọ sínú ilé gidi tàbí inú mọ́tò tí ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ dúró títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fi máa kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn. Ẹ ti mọ ilé náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì ti yan ẹni tó máa ké pé ó tó. Láràárọ̀, ẹ wo ohun tí NiMet, àjọ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí ní Nàìjíríà, sọ.

Àwọ̀ wo ló yẹ, nígbà tí oòrùn le báyìí?

Pupa fòò àti yẹ́lò ló máa ń ṣí kíákíá jù nínú oòrùn. Fún ọjọ́ mẹ́wàá, kò ṣe nǹkan. Tí ẹ bá fẹ́ lo bánà náà lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ro ó dáadáa. Òrùlé dúdú máa ń gba ooru, àwọn òṣìṣẹ́ yín ló máa jẹ ìyà rẹ̀. Òrùlé funfun ni mo fẹ́ràn, kí àwọ̀ ilé iṣẹ́ wà ní etí rẹ̀. Ẹ fi ihò sílẹ̀ lókè fún ooru láti jáde.

Ìwé àṣẹ wo la nílò?

Ohun tó bá wà nínú ọgbà ìpàtẹ, àwọn tó ṣètò rẹ̀ ni kí ẹ bá sọ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ gbé bánà sójú títì l'Ékòó, LASAA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó pátákó ìpolówó, ló ń gba owó rẹ̀. ARCON, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ìpolówó, ló ń yẹ ìpolówó wò. Oúnjẹ, oògùn àti ìpara gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ìsọ̀ wa á dúró?

Ẹ kọ́ ọ ní àgbàlá yín ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹ fa rọ́bà omi, kí ẹ fọ́n ọn lé e láti òkè fún ìdajì wákàtí, kí ẹnìkan dúró sínú pẹ̀lú aṣọ funfun. Ibi tí omi bá ti kán sí i lára, ẹ sàmì síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ọkùnrin méjì tó lágbára ti ògiri kọ̀ọ̀kan gidi. Tí ó bá mì, ẹ tún un ṣe. Ẹ sì ka iye ìṣẹ́jú tí yóò gbà yín láti tú aṣọ orí kánópì kúrò. Tí ó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ìjì á ti dé kí ẹ tó parí.

Lẹ́yìn ìpàtẹ, báwo la ṣe máa tọ́jú rẹ̀?

Alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, ó ti máa ń rẹ gbogbo èèyàn, wọ́n á sì ká bánà tútù nínú mọ́tò. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó ti hu funfun, òórùn rẹ̀ ò ṣeé gbọ́. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kí ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ nù ún, kí ẹ jẹ́ kí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ. Ẹ ká a yí páìpù ike ká, kí àwòrán rẹ̀ kọjú síta. Ẹ má ṣe ṣẹ́ ẹ po bí aṣọ, nítorí ojú ibi tí ó bá ti ṣẹ́ ni íǹkì rẹ̀ ti máa là.